Bí Owó Ìlú Bá Dín, Lára Ta Ni Wọn Yóò Gé E?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa)

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ètò ìnáwó ìlú. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ètò ìnáwó, oorun ni yóò kọ́kọ́ máa kun ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ìsọ̀ yín lọ́jà, ó kan gọ́tà iwájú ilé yín, ó sì kan ilẹ̀ tí a ó sin ẹni tí ọlọ́jọ́ bá dé bá ní àjò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí àpò ẹgbẹ́ bá fẹ́lẹ́, kí ni a máa ń ṣe? A ó pe ìpàdé. Akápò yóò dìde, yóò ní owó tí ó wọlé kò tó èyí tí ó ń jáde. Nígbà náà ni olúkúlùkù yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ bo èyí tí ó jẹ ẹ́ lógún. Ẹni tí ó fẹ́ràn àríyá yóò ní kí a má fọwọ́ kan owó àjọ̀dún. Ẹni tí ó ní ọmọ yóò ní kí a má fọwọ́ kan owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di owó tí a fi ń ran àwọn opó lọ́wọ́, gbogbo ilé a dákẹ́ rọ́rọ́. Kì í ṣe pé a kórìíra opó. Opó kò sí ní ìpàdé ni. Ó wà nílé, ó ń ṣọ̀fọ̀. Bí a bá gé e lára tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kígbe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ kékeré ń ṣe náà ni ìlú ńlá ń ṣe. N ó fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ìlú náà ni Birmingham, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín mọ kẹ̀kẹ́ BSA àti Hercules tí àwọn bàbá wa gùn. Birmingham ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó ń gbé ibẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìlú náà kéde pé àwọn kò lè ná owó tuntun kankan mọ́, àfi lórí ohun tí òfin sọ di dandan àti ìtọ́jú àwọn aláìlera. Ìlú tí ó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àpò rẹ̀ ti gbẹ.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ohun tí ó fà á ju ẹyọ kan lọ. Èkíní, láti ọdún 2010 ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba ńlá ní London ń fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú ń pọ̀ sí i. Èkejì, wọ́n ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí yóò máa ṣe ìṣirò owó ìlú. £19 mílíọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní ọdún 2022, kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2023 wọ́n ti ń sọ pé gbogbo ìnáwó náà lè dé £100 mílíọ̀nù. Akápò tí kò rí ìwé owó rẹ̀ kà, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí àpò ti ń jò?

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ náà ń fún àwọn ọkùnrin tí ń kó ilẹ̀ àti àwọn tí ń gbá títì ní owó àjẹmọ́nú lórí owó oṣù wọn. Àwọn obìnrin tí ń se oúnjẹ ní ilé-ìwé, tí ń fọ ilé, tí ń tọ́jú arúgbó, ìpele iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kò rí àjẹmọ́nú gbà. Lójú ẹni tí ń ṣe ìṣirò, ó dà bí èrè: owó tí a kò san, inú àpò ni ó wà. Ta ni yóò bi í léèrè? Àwọn tí ń fọ ilẹ̀ yàrá ìpàdé kì í jókòó ní ìpàdé.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a láre fún òṣìṣẹ́ 174 tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, pé wọ́n lè pe ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́. Owó tí ìgbìmọ̀ san lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ súnmọ́ £1,100 mílíọ̀nù. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n tún kéde pé gbèsè tí ó kù lè wà láàárín £650 mílíọ̀nù àti £760 mílíọ̀nù. Ìṣirò náà wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ mi o. Owó tí wọ́n rò pé àwọn ti fi pamọ́ lára àwọn aláìlóhùn, gbèsè ni ó jẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ó kàn sùn fún ìgbà díẹ̀ ni. Nígbà tí ó jí, ó jí pẹ̀lú èlé.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn kánsẹ́lọ̀ jókòó láti pinnu bí wọn yóò ṣe gé nǹkan bí £300 mílíọ̀nù kúrò láàárín ọdún méjì. Mo fẹ́ ṣe òdodo sí wọn. Òfin ilẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ètò ìnáwó tí ó ju owó tí ń wọlé lọ, ìjọba sì ti rán àwọn alábòójútó wá jókòó tì wọ́n. Dandan ni kí ọ̀bẹ jáde. Olórí ìgbìmọ̀ náà, John Cotton, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, lára ta ni wọn yóò gé e?

Wọ́n gé ilé ìkàwé àdúgbò. Wọ́n gé ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí iná ojú pópó ṣókùnkùn díẹ̀, kí àtúnṣe ọ̀nà dín kù, kí owó ìsìnkú sì gbéra. Àwọn ẹgbẹ́ olórin àti ti eré orí ìtàgé tí ìgbìmọ̀ ń ràn lọ́wọ́, wọ́n dín tiwọn sí ìdajì, wọ́n ní ní ọdún kejì kí wọ́n má retí nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ tí ó tó 600 wà nínú ewu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, owó-orí tí onílé kọ̀ọ̀kan ń san gun òkè ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó sì di ọdún 2025, ìdá méje àbọ̀ tún gorí rẹ̀. Ará ìlú ń san púpọ̀ sí i, ó ń gba díẹ̀.

Ǹjẹ́ ìgékù náà fi gbogbo rẹ̀ sí ìsinmi? Rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn tí ń kó ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 11 oṣù kẹta, wọ́n pa iṣẹ́ tì pátápátá. Ìgbìmọ̀ ti pa ipò kan rẹ́ nínú iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní owó àwọn kan yóò já wálẹ̀ gidigidi. Ìgbìmọ̀ ní bí àwọn bá dá ipò náà sí, ẹjọ́ owó ọgbọọgba tuntun lè tún jáde. Kí oṣù náà tó parí, ilẹ̀ tí a kò kó ti tó 17,000 tọ́ọ̀nù ní ojú pópó, eku sì ń ṣeré nínú rẹ̀. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni Birmingham kan àwa tí a wà ní Òkè Ọya? Ó kàn wá. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdó ọkọ̀, itẹ́ òkú, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ilẹ̀ dànù, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó nílò nǹkan wọ̀nyí ju àlejò lọ? Ọmọ onílẹ̀ lè sin òkú rẹ̀ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Itẹ́ òkú ìlú ni tiwa. Ọmọ onílẹ̀ ní oko; ọjà ni oko tiwa.

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan tí wọ́n jọ ní pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó wọn láti Abuja ń gbà kọjá, ìráhùn sì pọ̀ pé kì í dé ọwọ́ wọn bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wa dájọ́ pé kí owó náà máa lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í gbá gọ́tà. Bí owó náà bá dé, wọn yóò pín in; bí ó bá dín, wọn yóò gé e. Ọ̀bẹ kì í sì mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó dì í mú kò ní gé ti ara rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ó ń wá kiri.

Àṣà wa ni láti dákẹ́. A ó ní àlejò ni wá, kí a má ṣe ojú-mí-ni-yóò-ṣe-é ní ìlú onílùú. Ìwà pẹ̀lẹ́ dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n a ń san owó ìsọ̀, a ń san owó ọjà, a ń san owó-orí. Ẹni tí ó san owó kì í ṣe alágbe. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ ẹ̀ka yìí. Èkíní, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí wọn yóò lọ kí àwọn kánsẹ́lọ̀ wa kí ọdún tó parí, nígbà tí wọ́n ń kọ ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀ lọ́wọ́. Bí a bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti buwọ́ lù ú, àforíjì nìkan ni a ó gbọ́. Èkejì, kí a má ṣe lọ ní àwa nìkan. Kí a bá olórí àdúgbò sọ̀rọ̀, kí a mú àwọn Haúsá, àwọn Íbò àti àwọn yòókù tí a jọ ń gbé òpópónà kan dání. Bí gọ́tà bá dí, omi rẹ̀ kì í béèrè èdè kí ó tó wọlé. Kí olúkúlùkù sì máa tọ́jú rísíìtì rẹ̀, kí ẹnu wa lè tó ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta kan àpò ti ara wa. Ní ọjọ́ tí akápò bá tún dìde pé owó kò tó, kí alága kọ́kọ́ bi wá léèrè pé, "Ta ni kò sí níhìn-ín?" Kí a sì dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìgékù. Bí àwa kò bá lè ṣe é fún opó ẹgbẹ́ wa, ojú wo ni a ó fi sọ fún ìjọba pé kí ó ṣe é fún wa?

Kí Ọlọ́run kó wa délé tọmọtọmọ o.