Eré Ìdárayá Wo Ni Agbára Mẹ̀kúnnù Ká?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní ìlú Awo

   

Ẹ lè máa retí kí Alukoro sọ ìtàn ẹgbẹ́. Akọ̀wé ti kọ ìyẹn sínú ìwé ìrántí tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kan tó bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ̀wé pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ṣe eré ski fún ọ̀sẹ̀ kan lórí òkè Alps, owó rẹ̀ sì lé ní 1,000 pọ́n-ùn. Ó ní: “Ẹ̀yin ará mi, ṣé eré irú wa nìyí?” Ẹ̀rín sọ. Ọ̀kan ní kí ọmọ náà wá máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀ Awo, ọ̀fẹ́ ni.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n á fi máa yọ̀ wá sísàlẹ̀ òkè tí òjò dídì bò. Iṣẹ́ báǹkì ni a ń ṣe, ìṣirò ni a sì ń jẹ, nítorí náà a ṣírò ó. Bí a bá ka pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà, mílíọ̀nù méjì náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún méjì lọ láìjẹ láìmu kí ọmọ rẹ̀ tó yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní Vail, ní Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣoṣo ti kọjá 300 dọ́là nígbà tí èrò bá pọ̀. Àwọn òyìnbó tí kò rí já jẹ pàápàá ń wo eré náà lókèèrè ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo Nọ́wè. Eré yìí kan náà, ọmọ tálákà ń ṣe é níbẹ̀. Ọ̀nà wà nínú igbó tí wọ́n ti la sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì tan iná sí, a kì í san kọ́bọ̀ láti gbà á. Àwọn ibi kan wà tí ọmọ ti lè yá pátákó àti bàtà lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni ń yá ìwé ní ilé ìkàwé. Wọn kò ju bíi mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n gba wúrà 16 ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing ní 2022, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó gbà tó wọn níbẹ̀.

Àwa náà ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ní 2018, ní Pyeongchang ní Gúúsù Kòríà, Ṣeun Adígún, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ṣojú Nàìjíríà nínú eré bobsleigh, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tì, tí wọ́n á sì fò sínú rẹ̀ kí ó máa yọ̀ lọ lórí yìnyín. Àwọn ni ikọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà nínú eré náà ní Òlíḿpíìkì. Wọn kò bá ọkọ̀ nílẹ̀. Ṣeun fi igi kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdánrawò, wọ́n sì bẹ aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún 75,000 dọ́là. Àwọn ènìyàn dá a fún wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ohun tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe iye tí nǹkan eré jẹ́ lọ́jà nìkan ló ń sọ bóyá agbára mẹ̀kúnnù ká a. Iye ẹni tó pawọ́ pọ̀ gbé e ni.

Ẹ padà sórí WhatsApp wa. Níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ olùkọ́ kọ̀wé pé: “Ẹ fi ti Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Ọmọ mélòó ní Awo ló ní bàtà bọ́ọ̀lù?” Ó sọ ti ọmọkùnrin méjì ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí wọ́n ní bàtà kan ṣoṣo. Ọ̀kan á wọ̀ ọ́ títí di ìsinmi, yóò bọ́ ọ, èkejì á sì wọ̀ ọ́ parí eré. Agbára òbí wọn kò ká bàtà méjì, ṣùgbọ́n agbára ọ̀rẹ́ méjì ká bàtà kan.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. A lọ wo ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ láti ọdún kìn-ín-ní. Aṣọ ẹgbẹ́, mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù, òdo. A kò sọ pé aṣọ kò dára. Ẹ wò wá bí a ṣe dán lónìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lè ra aṣọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kò lè sọ pé owó ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn ní bàtà.

Ìdí nìyí tí a fi ń gbé àbá yìí síwájú ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ọdún kọkànlá má ní aṣọ tuntun; kí a wọ èyí tó wà lára wa yìí. Kí owó rẹ̀ ra bàtà, bọ́ọ̀lù àti báàtì tẹníìsì orí tábìlì. Káfíńtà wa nílé lè kan tábìlì náà. Àrúná Quadri tó dàgbà ní Ọ̀yọ́ fi báàtì kékeré yìí dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Òlíḿpíìkì Rio ní 2016, kò sì sí ọmọ Áfíríkà tó débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kí a kó gbogbo rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ kan, kí olùkọ́ máa kọ orúkọ ẹni tó bá yá a sílẹ̀, kí ọmọ sì dá a padà. Bàtà tí ọmọ yín ti dàgbà jù, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e wá.

Àwọn kan nínú wa kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní aṣọ ni wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á jà á ní ìpàdé, kí á sì dìbò.

Ọ̀rẹ́ wa ti Lọ́ńdọ̀nù sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò ní lè lọ. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn láti ìhín. Ṣùgbọ́n ti ọmọ méjì tó ń pín bàtà kan wọ̀ yìí, agbára wa ká a.