Wọ́n ní ẹnìkan kó kòrónà ran èèyàn 533 ní Ghana: Kí ló yẹ kéèyàn fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣe?



Ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, Ààrẹ Ghana nígbà náà, Nana Akufo-Addo, kéde pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló kó àrùn kòrónà ran èèyàn 533 nílé iṣẹ́ ẹja kan ní Tema.

Gbogbo àwọn tó ti ní àrùn náà ní Ghana lásìkò yẹn jẹ́ 4,700. Ìyẹn ni pé nínú èèyàn mẹ́sàn-án, bí ẹnìkan ló wá láti ilé iṣẹ́ yẹn.

Ní Kumasi níbí, ilé ìwádìí KCCR tó wà ní fásitì KNUST wà lára àwọn tó ṣe àyẹ̀wò kòrónà lásìkò náà. Fún ẹni tó bá ń ka irú èsì bẹ́ẹ̀, kí ló yẹ kó fi iye tó yapa ṣe?

Bí iye kan ṣe ń ba ìṣirò jẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kékeré yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní aláìsàn mẹ́sàn-án ló wà, tí iye èèyàn tí oníkálùkù kó o ràn sì jẹ́ 0, 0, 0, 1, 1, 1, 2, 2 àti 533.

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 540. Tí ẹ bá pín in sí mẹ́sàn-án, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 60. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó kó o ran 60 èèyàn.

Ẹ wá mú iye tó wà láàárín gan-an, ìyẹn ìkarùn-ún: 1 ni. Kódà bí 533 bá di 5,000, 1 náà ni iye àárín yóò jẹ́.

Ọ̀nà míì ni pé kí wọ́n yọ iye tó kéré jù àti èyí tó ga jù kí wọ́n tó pín. Ní 1964, Peter Huber, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, gbé òmíràn jáde: wọn ò ní ju iye tó jìnnà nù, àmọ́ wọ́n á dín agbára rẹ̀ kù nínú ìṣirò.

Ṣé kí wọ́n jù ú nù ni?

Rárá o. Iye tó yapa lè jẹ́ àṣìṣe, bí ìgbà tí oníṣòwò kan ní ọjà Kejetia fẹ́ kọ 15 cedi, tó wá kọ 150. Àtúnṣe ló yẹ irú èyí.

Ṣùgbọ́n 533 ti Tema ní ìtàn nínú. Ẹni tó bá jù ú nù kò ní rí ewu tó wà níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fara kanra. Ẹni tó bá sì gbára lé 60 yóò máa bẹ̀rù gbogbo aláìsàn bákan náà, owó àti òṣìṣẹ́ ìlera á sì lọ síbi tí kò yẹ.

Ohun mẹ́ta tó yẹ ní ṣíṣe

- Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá àṣìṣe ni.
- Ẹ kọ ìpíndọ́gba àti iye àárín síta pọ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ wá ìdí rẹ̀.
- Ẹ ṣàlàyé iye tó yapa lọ́tọ̀, ẹ má fi pamọ́.

Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wo gbogbo ìka náà.