Kí ló ń mú ẹmu hó?

Ọ̀rọ̀ ẹmu la fẹ́ sọ lónìí.

Bí adẹ́mu bá gbé agbè kalẹ̀ láàárọ̀, ẹmu á dùn bí oyin. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń hó, ó ti le. Ta ló ṣe é? Yíìsì ni, ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí.

Irú ṣúgà tó wà nínú ìrèké ló pọ̀ jù nínú ẹmu tútù. Kí yíìsì tó lè jẹ ẹ́ dáadáa, ó ní láti gé e sí méjì. Protein kan tó ń jẹ́ invertase ni ọ̀bẹ rẹ̀. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní SUC2 ló sì ń rọ ọ̀bẹ náà.

Jíìnì yìí wà lára yíìsì nígbà gbogbo, àmọ́ kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́. DNA máa ń wé mọ́ àwọn protein kan bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú. Tí ṣúgà glucose bá pọ̀ nílẹ̀, SUC2 á wà ní wíwé. Tí glucose bá dín kù, àkójọ protein tó ń jẹ́ SWI/SNF á dé, á sún ìrànwú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, jíìnì á ṣí.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní 1984, Lenore Neigeborn àti Marian Carlson ní Amẹ́ríkà rí àwọn yíìsì tí kò lè lo ṣúgà ìrèké dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ SUC2 wọn ò bàjẹ́. Àwọn jíìnì mìíràn, bíi SNF2 àti SNF5, ló bàjẹ́. Ní 1992, àwọn olùwádìí tó wà lọ́dọ̀ Fred Winston dín ìrànwú kù nínú irú yíìsì bẹ́ẹ̀. SUC2 tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Ìrànwú ló dí i lọ́nà tẹ́lẹ̀.

Kí ló wá kàn wá? Àwa èèyàn náà ní irú SWI/SNF yìí. Nínú àrùn jẹjẹrẹ márùn-ún, bí ọ̀kan ni àwọn jíìnì tó ń ṣe é ti máa ń ní àbùkù.

Nítorí náà, tí wọ́n bá tún sọ pé nǹkan kan "wà nínú ẹ̀jẹ̀" ìdílé yín, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ó ṣí ni, àbí ó ṣì wé?

Ó dìgbà kan ná.