Ta Ló De Ẹ́ńjìnnì Yìí Mọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin ará Pobẹ̀, ẹ̀yin ará Ṣakété, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà lóko tí ẹ so rédíò kọ́ ẹ̀ka igi, ẹ gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka lẹ́tà kan níbí, láti ìgbà náà ni fóònù wa kò ti sinmi. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ẹ bá mi di ìyẹn mú, mo ń padà bọ̀ wá gbà á.

Fún ẹni tí kò gbọ́: ìyàwó agégi kan ní apá Pobẹ̀ ló kọ̀wé. Ó ní ẹ́ńjìnnì ìgégi tí ọkọ òun fi ń wá oúnjẹ, tronçonneuse, kò dáhùn mọ́. Wọ́n á fa okùn títí apá á fi fẹ́ bọ́, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Ọkọ ní ọmọ iṣẹ́ òun, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan láti Ṣakété, ló gbowó lọ́wọ́ agégi míràn láti de iṣẹ́ òun mọ́lẹ̀. Ó lé ọmọ náà. Ó ra ewúrẹ́ fún ẹni tó ní òun máa tú u. Wọ́n jẹ ewúrẹ́ tán, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kí lẹ wá fi pè mí? Ẹnì kan ní adáhunṣe tí wọ́n lọ bá ni kò mọṣẹ́, òun mọ ẹlòmíràn. Ìyá kan ní kí wọ́n fi epo pupa pa á lára. Epo pupa! Sára ẹ́ńjìnnì! Nínú gbogbo yín, onízẹ́mì kan ṣoṣo, ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wa kọ́kọ́ béèrè: "Ẹ̀sáǹsì wo ló ń rọ sí i?" Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí táyà rẹ̀ bẹ́ lónìí.

Mi ò sọ pé mo gbọ́n jù yín lọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, Mobylette mi kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bọ̀ láti Igolo. Mo fẹsẹ̀ yí i títí, kò dáhùn. Mo ń tì í lọ sí ọ̀nà Ṣakété nínú oòrùn ọ̀sán, mo sì ń ka orúkọ àwọn ará ilé wa tí inú wọn kò dùn pé mo rà á. Ìyàwó bàbá mi ni mo fi ṣáájú. Bàbá kan tó jókòó lábẹ́ igi wò mí, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì yí nǹkan kékeré kan lábẹ́ táńkì. Èmi fúnra mi ni mo ti ẹnu epo pa nígbà tí mo dúró ra búrẹ́dì. Ìyàwó bàbá mi kú láìmọ̀ pé mo bú òun fún odidi kìlómítà mẹ́ta lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́rú, mo mú mẹkáníìkì àgbà kan, a lọ sílé agégi yìí. Ojú rẹ̀ kò túká sí wa, ṣùgbọ́n ó gbé ìjókòó fún wa. Mẹkáníìkì kò fọwọ́ kan okùn rárá. Ó ní, "Gbé epo tí ò ń rọ sí i wá." Inú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn ni wọ́n ti gbé bídọ́ọ̀nù jáde, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ó da díẹ̀ sínú ìgò funfun, ó gbé e kọjú sí oòrùn. Nísàlẹ̀ ìgò, omi ti là sọ́tọ̀, ó ń yí kiri bí ojú ẹja. "Ìgbà wo lo po èyí?" Ọkùnrin náà ronú, ó ní ṣáájú ìsìnkú bàbá ìyàwó òun ni. Oṣù mẹ́ta! Àpòpọ̀ tí kò yẹ kó pẹ́ ju nǹkan bí oṣù kan lọ! Kòkòrò tó ń jobì ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ gun Mobylette mọ mẹ̀láńjì, ẹ̀sáǹsì tí a po ọ́ìlì mọ́. Ẹ́ńjìnnì ìgégi kò ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ẹ ń rọ sínú ihò kejì yẹn, ti ṣéènì ni. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹ̀sáǹsì nìkan ló ń mu. Ìwé àwọn Stihl, àwọn ará Jámánì tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀rọ ìgégi láti 1926, ní kí a fi mìlílítà 20 ọ́ìlì tiwọn sí lítà kan ẹ̀sáǹsì. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì deux temps míràn, kó jẹ́ 40. Ẹ lọ ra síríǹjì ńlá lọ́dọ̀ oníṣègùn òyìnbó kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ yé fi ojú wọ̀n. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti ibẹ̀ wá, sì gbówó lórí, ẹlòmíràn ń dín ọ́ìlì kù, ẹlòmíràn ń fi àlòkù epo pamọ́ bí ẹní fi wúrà pamọ́.

Nípa ti yàrá ọmọ: ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni ilé epo kpayo jóná ní Sèmè-Kraké, ó kéré tán ènìyàn 34 ló bá a lọ. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Ìwọ náà gbọ́ ọ, ìwọ agégi yìí, o sì gbé bídọ́ọ̀nù sí ìsàlẹ̀ ibùsùn ọmọ rẹ. Mo bú u lójú ìyàwó rẹ̀, mi ò kábàámọ̀.

Mẹkáníìkì da epo náà nù sínú àgbá kan. Ó tú búùjì: dúdú, ó tutù, ó ń kán. Ó ní òórùn epo yìí ti sọ tán. Agégi yìí ti ọwọ́ afẹ́fẹ́ pa, ó ń fa okùn, ó ń fa okùn; nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣí afẹ́fẹ́ padà, ló bá rì í sínú epo. Ikọ́ yẹn gan-an ni àmì pé kí ẹ ṣí i! Wọ́n nu búùjì, wọ́n fi àlàfo ẹnu rẹ̀ sí bí ìnípọn èékánná, wọ́n fa okùn lófìfo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí epo tó rì ín lè tú jáde. Kí ẹ tó yẹ iná búùjì wò, ẹ gbé epo jìnnà, kí ẹ sì ju sìgá nù.

Fíltà afẹ́fẹ́ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ ogbó ni ọkùnrin yìí ń gé. Pobẹ̀ yìí ni wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1922, gbogbo wa lọmọ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ẹ wo fíltà: fọ́nrán ọ̀pẹ ti hun mọ́ ọn bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀ga. Báwo ni yóò ṣe mí? Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a. Wọ́n fi wáyà kọ́ fíltà kékeré inú táńkì jáde, òun náà kún fún ẹrẹ̀.

Epo tuntun wọlé. Mẹkáníìkì gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti bíréèkì ṣéènì, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ òsì di ti iwájú mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e sókè kí ẹ tó fà á, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú itan yín. Ìfà kẹta ló ké. Àwọn adìyẹ fọ́n ká. Agégi wo ilẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́?" Ó ní òun máa ránṣẹ́ sí i. Mo ní rárá o. Nígbà tó ń lé e, ṣé ó ránṣẹ́ ni? Ìyá ọmọ yìí ló fowó òwò rẹ̀ san owó ìkọ́ṣẹ́, agégi sì jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa pe ọmọ rẹ̀ ní olóògùn. Ọkùnrin náà ti gbà níwájú ìyàwó rẹ̀ pé òun fúnra òun máa lọ sí Ṣakété.

Ìyá ọmọ, bí ẹ bá ń gbọ́ mi: ọjọ́ Àìkú ló ń bọ̀. Ẹ má ṣe gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un kó tó tọrọ àforíjì, kí ọmọ náà sì wà níbẹ̀.

Fóònù ti ń dún. Àlò? Ta ló ń sọ̀rọ̀?