Nọ́ọ̀sì Tuntun, Béèrè Kí O Tó Gún Abẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì la mú wá lónìí. Kókó rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí nọ́ọ̀sì tuntun máa béèrè.

Ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Ìdánwò ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń bẹ níwájú. Ẹni tó bá yege ló ń gba ìwé àṣẹ.

Ó wá ku wọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ ti ṣú, aláìsàn pọ̀, nọ́ọ̀sì ò ju méjì lọ. Dókítà ti kọ oògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ ò hàn. Ṣé 5 ló kọ ni, àbí 50? Ọmọ mi, má méfò. Gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ ná. Pe ọ̀gá rẹ, pe dókítà. Bí wọ́n bá kanra mọ́ ọ, fara dà á. Bi aláìsàn lórúkọ kí o tó gún un. Bó o bá gún un tán, kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú aago tó lù.

Ẹ̀yin ọ̀gá nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín. Ọmọ tí ẹ jágbe mọ́ lónìí torí pé ó béèrè, ó lè má béèrè mọ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa béèrè.