Àìsàn Mọ Ilé Tálákà: Ìtàn Sòbìà àti Ètò Ìlera Nàìjíríà

Àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Ìdèrè, Igbó-Ọrà tàbí Ayétẹ̀ kò nílò kí dókítà ṣàlàyé sòbìà fún òun. Ó ti fojú rí i. Ẹsẹ̀ á máa yún ènìyàn, á máa ta á bí iná, ibẹ̀ á lé ròrò. Bí ròrò náà bá bẹ́, orí aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ. Aràn náà lè gùn tó mítà kan. Wọn kì í fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara igi kékeré ni wọ́n ń wé e mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, torí bí ó bá já sínú ẹran ara, ojú egbò á wú, á kẹ̀, ẹlòmíràn á sì ti ibẹ̀ yarọ.

Nígbà tí sòbìà ṣì wà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń wọ́pọ̀ jù ní Ìbàràpá, agbègbè tí àwọn ìlú yìí wà, nígbà tí omi bá fà, tí gbogbo abúlé ń pọn omi nínú adágún kan ṣoṣo. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wà nínú omi náà, ọmọ aràn sì wà nínú kòkòrò. Ẹni tó bá mu ún kò ní fura sí nǹkan kan fún bí ọdún kan. Bí aràn bá wá ń yọ, tí aláìsàn ki ẹsẹ̀ bọ odò kí ara lè tù ú, aràn á da àìmọye ọmọ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Kò sí oògùn oníhóró tó ń wò ó, títí di òní olónìí.

Ìdí nìyí tí sòbìà fi jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá fún ẹni tó bá ń béèrè ohun tó fà á tí ìlera kò fi dọ́gba láàárín ọmọ ènìyàn. Ẹni tí omi ẹ̀rọ mímọ́ ń sun nínú ilé rẹ̀ ní Ìkòyí kò lè kó o nílé, bó ti wù kó jẹ́ aláìbìkítà tó. Nígbà náà, àgbẹ̀ Ìbàràpá lè gbá ilé àti ọgbà rẹ̀ tónítóní láràárọ̀. Bí adágún yẹn bá ṣáà ni ó ń mu, sòbìà á bá a nílé.

Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ sí Ìbàràpá láti 1963 kí wọ́n lè mọ bí ará oko ṣe ń gbé. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera bíi William Brieger ṣiṣẹ́ lórí sòbìà ní Ìdèrè. Omi ẹ̀rọ ti dé ìlú náà rí. Ẹnu ẹ̀rọ kò pọ̀, ó sì ń bàjẹ́ léraléra, ni àwọn ènìyàn bá padà sídìí adágún. Wọ́n tún gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà bí iṣan, pé ó kàn ń jí lára ẹlòmíràn ni.

Ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń ṣìnà gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní àìmọ̀kan ló ń pa ará oko. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, odò kan náà ni ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ń gbé korobá lọ. Ohun tó wúlò ní Ìdèrè ni aṣọ asẹ́ tí ojú rẹ̀ há, tí àwọn télọ̀ ìlú ń rán, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé fúnra wọn ń tà.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Ìwádìí UNICEF ní agbègbè kan tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì ní gúúsù ìlà-oòrùn fi hàn pé ìrẹsì tí àgbẹ̀ ń pàdánù lọ́dún nítorí sòbìà tó mílíọ̀nù 20 dọ́là. Òṣì mú wọn mu omi adágún, omi adágún dá wọn dùbúlẹ̀ nígbà iṣẹ́, òṣì sì tún pọ̀ sí i. Àjọ Carter Center bá ìjọba dá sí i; láti 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń bá wọn lọ láti abúlé dé abúlé. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n pín asẹ́, wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú adágún, wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa ròyìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Oṣù kọkànlá 2008 ni wọ́n rí aláìsàn ìkẹyìn, ní Ezza Nkwubor ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ará oko lásán ni. Láti 1967, àwọn oníwádìí ní London ń tọpa ìlera àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tí iye wọn tó bí 18,000. Omi ẹ̀rọ wà nílé wọn, ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo wọn. Síbẹ̀, ikú àwọn tó wà ní ìpele tó kéré jù jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá pátápátá. Sìgá mímu ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀, kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Michael Marmot, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó gbé ìròyìn jáde ní 2008. Àpẹẹrẹ Glasgow wà nínú rẹ̀: ní Calton, ọdún 54 ni ọmọkùnrin lè retí láti lò láyé, ní Lenzie tí kò jìnnà síbẹ̀, ọdún 82.

Nàìjíríà kò yàtọ̀. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2018, nínú ẹgbẹ̀rún kan ọmọ tí àwọn ìdílé tó tòṣì jù bí, 173 ló kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ti àwọn ìdílé tó lówó jù jẹ́ 53. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ àwọn olówó dára jù.

Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná fún ìlera. Orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú un ṣẹ. Ó yẹ kí wọ́n mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo owó náà bá parí sórí ilé ńlá àti ẹ̀rọ olówó gọbọi, ẹ̀yìn tí sòbìà bá dègbò tán ni wọ́n ṣì ń ké pe olúgànbe. Nígbà tí àrùn onígbáméjì ṣẹ́ yọ ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024, ilé iṣẹ́ ìlera ni gbogbo ayé yíjú sí. Díẹ̀ ló béèrè lọ́wọ́ àwọn tí omi àti gọ́tà wà níkàáwọ́ wọn.

Olùdíje tó bá wá tọrọ ìbò lẹ́yìn èyí, tó ní òun yóò kọ́ ọsibítù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í: kànga ẹ̀rọ mélòó ló ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yìí, ta sì ni yóò máa tún wọn ṣe?