Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Awakọ̀ Tá A Máa Pè

Bí àwa ọlọ́jà Under G bá lọ kó gaàrí àti ẹ̀lùbọ́ lábúlé, orí ẹrù la máa ń jókòó bọ̀. Ilé ìwòsàn LAUTECH àti Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ ta ló máa gbé èèyàn débẹ̀ lóru? Ẹ jẹ́ ká bá awakọ̀ kan ṣàdéhùn lábúlé kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ká yọ owó epo ẹ̀ sílẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́. Ẹ tún pe 112, tàbí 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ọ̀fẹ́ ni. Òfin ìlera ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù o! A ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà.